Àpótí Panasonic tó gbà wá lọ́wọ́ ariwo

Yàrá 13 ni ilé ìtura wa l'Óṣogbo ní. Kí n tó ra Panasonic KX-TES824, àpótí tó ń so gbogbo fóònù inú ilé pọ̀ mọ́ra wọn àti mọ́ ìlà ìta, àlejò tó bá fẹ́ omi gbígbóná á yọrí sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, á máa ké "Ẹ wá o!" Èyí tí kò bá lè ké á pe fóònù ọmọ tó wà ní kántà, ọmọ ọ̀hún á sì ti gbé fóònù rẹ̀ lọ sílé.

Tòkúnbọ̀ ni mo rà. Bó ṣe wá, ó gba ìlà ìta 3 àti fóònù inú ilé 8. Mo fi káàdì kan kún un, ó di 16: yàrá 13, kántà, ilé ìdáná àti géètì. Ìpè láti yàrá sí ilé ìdáná kò gba kọ́bọ̀. Ti ìta ńkọ́? Wáyà NITEL ti kú tipẹ́, torí náà mo ra àpótí kékeré kan tí wọ́n ń ki síìmù sí, mo so ó mọ́ ọn. Panasonic ò mọ̀, ó rò pé NITEL ṣì wà láyé.

Àbùkù kan rèé: wáyà tó lọ sí géètì, ojú òfuurufú ni mo ní kí wọ́n fà á gbà. Ààrá sán lọ́jọ́ kan, káàdì jóná. Oníṣẹ́ ti kìlọ̀ fún mi tẹ́lẹ̀, owó ni mo ń ṣọ́.

Ọmọ mi ní fóònù tó ń gba orí íntánẹ́ẹ̀tì, tí kò nílò àpótí, ló lòde. Mo gbìyànjú ẹ̀ fún oṣù mẹ́ta lọ́wọ́ iléeṣẹ́ kan. Mi ò ní parọ́, ó dùn: àbúrò mi jókòó n'Íbàdàn, ó ń gba ìpè wa lóru bí ẹni wà ní kántà. Àmọ́ nígbà tí ọdún Ọ̀ṣun dé ní oṣù kẹjọ, tí èrò kún ìlú, nẹ́tíwọ̀kì há, ohùn oníbàárà ń já bí ẹni ń sọ̀rọ̀ nínú kànga. Owó oṣù ò já ní tiẹ̀.

WhatsApp Business, ọ̀fẹ́ ni, àwòrán yàrá àti rìsíìtì là ń fi ránṣẹ́. Àwọn àgbà ò kà á sí. Ohùn ni wọ́n fẹ́ gbọ́.

Inverter ló ń gbé àpótí náà báyìí, kì í kú. Ẹni tí yàrá rẹ̀ ò bá ju mẹ́rin lọ, kó má wulẹ̀ rà á o. Kó ní kí wọ́n máa ké.