Imidacloprid àbí kóró dóńgóyárò gígún: èwo lẹ fẹ́ lò sí ìdí ẹ̀gúsí yín?

Tí ikán àti ìdin bá ń jẹ gbòǹgbò ọ̀gbìn yín, nǹkan méjì lẹ máa rí rà n'Íbàdàn: imidacloprid, oògùn kòkòrò tí wọ́n ń pò mọ́ omi rọ sí ìdí ọ̀gbìn, àti kóró dóńgóyárò tí wọ́n gún. Chlorpyrifos, oògùn kòkòrò mìíràn, ò gbọ́dọ̀ sí níbẹ̀ mọ́. NAFDAC ti fòfin dè é láti November 2024.

Imidacloprid ló rọrùn, òun ló sì yá. Dóńgóyárò kì í pa kòkòrò lójú ẹsẹ̀. Ńṣe ni kòkòrò tó bá jẹ ẹ́ máa kọ oúnjẹ, tí kò sì ní lè pa awọ dà.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ oyin. Imidacloprid kì í dúró síbi tẹ́ ẹ rọ ọ́ sí. Gbòǹgbò á fà á mu, á gba inú ìtàkùn gòkè dé ewé, dé lẹ́búlẹ́bú òdòdó àti omi dídùn tí oyin ń wá kiri. Ẹni tó tà á fún mi ní kò kan oyin rárá, pé ìdí la kúkú rọ ọ́ sí. Nígbà tí ẹ̀gúsí mi lọ́nà Mọ́níyà tanná, kẹ́kẹ́ pa lórí oko láàárọ̀. Òdòdó tí bàrà kékeré ti wà nídìí rẹ̀ pọ́n, ó já bọ́. Èyí tó so, kóró inú ẹ̀ ò yọmú. Ìyá oníẹ̀gúsí kan ní Bódìjà bù ú sọ́wọ́, ó fẹ́ ẹ, púpọ̀ nínú ẹ̀ sì fò lọ. Iye tó dá lé e, mi ò lè gbàgbé.

Oògùn yẹn lè wà nílẹ̀ ju ọdún kan lọ, kí ohun tẹ́ ẹ bá gbìn tẹ̀ lé e tún fà á mu. Nítorí oyin ni Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù ṣe fòfin de lílò rẹ̀ ní gbangba oko ní 2018. Ní Pennsylvania, ní Amẹ́ríkà, wọ́n fi thiamethoxam, ọmọ ìyá rẹ̀, sára irúgbìn sóyà. Ìgbín aláìníkaraun jẹ ẹ́, kò kú. Kòkòrò ilẹ̀ tó ń pa ìgbín náà jẹ ló kú. Ìgbín wá gbilẹ̀, ìkórè sì dín.

Ọ̀sẹ̀ mélòó kan ni dóńgóyárò fi ń jẹrà nínú ilẹ̀. Ẹ ṣáà gbóòórùn rẹ̀ kẹ́ ẹ tó sanwó: tí kò bá rùn bí áyù, tàbí tó bá ti bu, ẹ má rà á.

Méjèèjì ló níbi tó wúlò sí. Ọmọ ọ̀pẹ tí ikán ń jẹ, tí kò ní tanná láìpẹ́, ẹ lè fún un ní imidacloprid. Ẹ̀gúsí, elégédé, gbogbo ohun tí oyin gbọ́dọ̀ bà lé kó tó so, ẹ po dóńgóyárò mọ́ ilẹ̀ wọn kẹ́ ẹ tó gbìn.