FPL ò jẹ̀bi, èmi ni mo ní kí ọmọ ọlọ́mọ jókòó

Ẹ jẹ́ n tètè sọ ọ́ nígbà tí inú ṣì ń bí mi. Fantasy Premier League, FPL, géèmù orí fóònù tẹ́ ẹ ti máa ń yan àwọn agbábọ́ọ̀lù líìgì England, tí ohun tí wọ́n bá ṣe lórí pápá á sì di póìǹtì yín, òun ni àwa méje ń ta ní ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ mi nítòsí ọjà Ouando níbí ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo, ní Benin), tẹ́ ẹ bá ní kí n fún un ní ìràwọ̀, mẹ́rin nínú márùn-ún ni. Ìkarùn-ún yẹn, èmi ni mo jẹ ẹ́.

Ọ̀fẹ́ ni, ẹ ò ní san sẹ́fà kankan àfi owó íntánẹ́ẹ̀tì yín. Wọ́n á kó pọ́n-ùn mílíọ̀nù 100 fún yín, owó inú fóònù lásán o ẹ má rò pé ẹ ti là, ẹ máa fi ra agbábọ́ọ̀lù 15, gólì 2, dífẹ́ńdà 5, mídífíídì 5, sìtíráíkà 3, ẹ ò sì lè mú ju mẹ́ta lọ nínú kíláàbù kan. Rírà yẹn ò le. Ibi tó ti le ni kẹ́ ẹ yan 11 tó máa wọlé, kí 4 tó kù jókòó sí bẹ́ǹṣì, torí póìǹtì ẹni tó bá jókòó, ẹ máa rí i, ẹ máa kà á, kò ní wọ àpò yín.

Lálẹ́ Fráídè mo ti to tíìmù mi, mo ti lọ sùn. Láàárọ̀ Sátidé ọmọ iṣẹ́ mi yọjú wo fóònù, ó ní "Ọ̀gá, ẹ ṣì fi dífẹ́ńdà yìí síbẹ̀? Wọ́n máa ju mẹ́ta sáwọ̀n wọn lónìí o." Abẹ́rẹ́ wà lẹ́nu mi, mi ò lè fèsì, ọwọ́ mi ló bá mi fèsì, mo gbé dífẹ́ńdà mi sí bẹ́ǹṣì mo fi mídífíídì kan tí ẹsẹ̀ ẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ jinná rọ́pò ẹ̀.

Bọ́ọ̀lù bẹ̀rẹ̀, kò tíì pé ìṣẹ́jú 20 tí dífẹ́ńdà yẹn fi forí kan bọ́ọ̀lù sáwọ̀n. Mẹ́ta tí wọ́n ní wọ́n máa jù yẹn náà, wọn ò rí ẹyọ kan jù. Ẹ bá mi ṣírò ẹ̀: ó gbá ju ìṣẹ́jú 60 lọ, 2, dífẹ́ńdà tó bá jẹ góòlù, 6, wọn ò gbá kankan wọlé wọn, 4, bónọ́ọ̀sì ẹni tó ta yọ jù, 3. 15! Lórí bẹ́ǹṣì!

Mo ṣì ń retí o. Òfin ẹ̀ ni pé tẹ́ni tẹ́ ẹ fi wọlé ò bá gbá rárá, géèmù fúnra ẹ̀ máa fa ẹni àkọ́kọ́ lórí bẹ́ǹṣì yín wọlé, bí dífẹ́ńdà yín ò bá ṣáà ti ní dín ní mẹ́ta. Mídífíídì mi sì wà lórí ìjókòó ní tiẹ̀. Ìṣẹ́jú 70, ó jókòó. 80, ó jókòó. Èmi tí mo fowó rà á ni mo ń gbàdúrà pé kí kóòṣì ẹ̀ má rántí ẹ̀. Ìṣẹ́jú 88, kámẹ́rà yí sí i, ó ń bọ́ jákẹ́ẹ̀tì. Mo ní "Jókòó, jọ̀ọ́ jókòó." Ó wọlé, mi ò rò pé ẹsẹ̀ ẹ̀ kan bọ́ọ̀lù lẹ́ẹ̀mejì. Póìǹtì 1. Nítorí 1 yẹn, 15 mi di ìran wíwò. Ọmọ iṣẹ́ mi ò rẹ́rìn-ín o, ọmọ gidi ni, ó kàn kọjú sí áyọ́ọ̀nù, èjìká ẹ̀ ló ń gbọ̀n.

Lọ́dọ̀ wa ẹni tó bá gbẹ́yìn lọ́sẹ̀ ló ń ra ẹ̀wà àti gààrí fún gbogbo wa ní Mọ́ńdè. Ẹ mọ ẹni tó rà á.

Òfin yẹn korò àmọ́ wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀, kò sẹ́ni tó rẹ́ mi jẹ. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ ọ́ ṣá, àwa tá a kàwé Faransé ń fojú wá a díẹ̀díẹ̀, odidi sáà kan ni mo fi ta á kí n tó mọ̀ pé bí wọ́n ṣe tò tẹ̀léra wọn lórí bẹ́ǹṣì ní ìtumọ̀. Ẹ ṣọ́ aago náà: ìṣẹ́jú 90 ṣáájú bọ́ọ̀lù àkọ́kọ́ ni wọ́n ń tilẹ̀kùn, láti òpin oṣù October tí àwọn England bá sì ti yí aago wọn padà, ìdíjé aago 12:30 tiwọn ti di 1:30 tiwa, aago 12 ọ̀sán ni ilẹ̀kùn tì. Ẹ má sì máa ta agbábọ́ọ̀lù kan ra òmíràn bí ẹní ń pààrọ̀ fìlà, tó bá ti kọjá iye ọ̀fẹ́ tẹ́ ẹ ní, póìǹtì 4 ni wọ́n ń yọ lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan. Kápútẹ̀n, ẹnì kan tẹ́ ẹ bá yàn nínú 11 yín, ń gba ìlọ́po méjì póìǹtì ẹ̀, ní sáà 2024/25 tí Mohamed Salah ti Liverpool kó póìǹtì 344, gbogbo wa la ní i, àwọn tó gbà pé kó jẹ́ kápútẹ̀n lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ló ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ dòní, torí ọgbọ́n lèmi ń wá kiri.

Ṣé mo máa ní kẹ́ ẹ ta á? Ẹ ta á, bẹ́ ẹ bá ní ọ̀rẹ́ tó lè bú yín kẹ́ ẹ má jà. Ẹni tó ń dá ta á ò tíì mọ̀ ọ́n.

Lọ́sẹ̀ yìí mo ti dá dífẹ́ńdà mi padà, mo tiẹ̀ fi ṣe kápútẹ̀n, mo ní kí ọmọ iṣẹ́ mi má sún mọ́ fóònù mi. Mo ṣí i láàárọ̀ yìí, àmì yẹ́lò ti wà lórí orúkọ ẹ̀, wọ́n ní orúnkún ń dùn ún.