Ṣakabùlà àbí ìbọn ẹlẹ́nu méjì?

Lọ́nà Mọ́níyà, àwọn ọdẹ àgbà ò tíì fi ṣakabùlà sílẹ̀. Ẹ máa kọ́kọ́ rọ ẹ̀tù sí i lẹ́nu, ẹ ó fi ọ̀pá kì í, kí ọta tó wọlé. Tẹ́ ẹ bá tàsé, ẹran ti sá lọ. Tí òjò bá sì kan ẹ̀tù, ó parí! Àmọ́ alágbẹ̀dẹ àdúgbò lè tún un ṣe, ìyẹn ò kéré.

Ẹlẹ́nu méjì oní-12 ń jẹ kátíríìjì (ọta àti ẹ̀tù tí wọ́n ti dì pọ̀), ó ń yìn lẹ́ẹ̀mejì. (12 yẹn: ọta òjé 12 tó ṣe rẹ́gí ẹnu rẹ̀ ló wọn pọ́n-ùn kan.) Ó ń ta èjìká o! Láti mọ̀ bóyá gígùn rẹ̀ bá yín mu, ẹ gbé ìdí rẹ̀ sí kọ̀rọ̀ ìgbọ̀nwọ́; bí ìka ò bá kan ibi tí à ń fà, ó gùn jù fún yín. Òun ni mo mú, pẹ̀lú ìwé àṣẹ.