Bátìrì Lásán La Fẹ́ Pààrọ̀

Ọkọ̀ àtijọ́: sípánà 10, ìṣẹ́jú mẹ́wàá, iṣẹ́ ti parí. Ẹ tú négátíìfù, ẹ tú pósítíìfù, ẹ tú irin tó dè é mọ́lẹ̀, ẹ gbé tuntun síbẹ̀. Tí ẹ bá ń dè é padà, pósítíìfù ni kó ṣáájú. Ọkọ̀ tuntun yìí gba ọjọ́ méjì pẹ̀lú kọ̀ǹpútà. Ohun tó mú mi jókòó kọ èyí nìyẹn.

Ọmọkùnrin tó dá wa lóhùn ní ṣọ́ọ̀bù tí a gbé ọkọ̀ tuntun náà lọ ò kà á sí nǹkan. Ó gbé bátìrì tó bá àyè rẹ̀ mu wá, 70Ah (ìwọ̀n iná tó lè gbà pamọ́) bíi ti tẹ́lẹ̀, ó dè é. Mo wo ara rẹ̀, mi ò rí AGM (irú bátìrì tí omi inú rẹ̀ kì í ṣàn) tó wà lára èyí tó kú. "Ẹ̀gbọ́n, bátìrì ni bátìrì ń jẹ́, iná kan náà ni wọ́n ń gbé jáde." Kò parọ́, àmọ́ kò sọ òótọ́ tán. Ọkọ̀ tó ń pa ẹ́ńjìnnì ara rẹ̀ nígbàkigbà tí ọ̀nà bá dí, tó tún ń tan án padà, iṣẹ́ kékeré kọ́ ló ń gbé ka bátìrì lórí. Bátìrì olómi lásán ò ní pẹ́ kú sí i. Mo ní kó yọ ọ́. Ó yọ ọ́, ó ń kùn.

AGM wọlé, ọkọ̀ tan, ó ní ó parí. Kò tíì parí o. Sensor kékeré kan wà lórí négátíìfù tó ń ka gbogbo iná tó wọlé àti èyí tó jáde. Kọ̀ǹpútà ọkọ̀ ti mọ ọjọ́ orí bátìrì àkọ́kọ́ àti bó ṣe rẹ̀ ẹ́ tó. Tí ẹnikẹ́ni ò bá sọ fún un pé àlejò dé, arúgbó yẹn ni yóò máa rò pé òun ń bọ́. Ní ọjọ́ kejì, ẹ́ńjìnnì ò dáwọ́ dúró fúnra rẹ̀ mọ́, rédíò ń kú ní kété tí a bá pa ọkọ̀, skríìnì sì ń pariwo pé bátìrì ti rẹlẹ̀. Bátìrì ọjọ́ kan!

Obìnrin tó ń lo kọ̀ǹpútà wọn ló tú u fún wa. "Ẹ má bínú, sà, wọn ò forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ni." Ó ki wáyà bọ abẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù, ó tẹ irú bátìrì náà, Ah rẹ̀, àti pé tuntun ni. Ìṣẹ́jú mẹ́rin ò pé. Títú bátìrì ti mú kí ọkọ̀ gbàgbé nǹkan mìíràn: ó yí sítíárìn lọ dópin lápá ọ̀tún, ó yí i dópin lápá òsì, iná tó ń tàn lójú dáṣíbọ́ọ̀dù kú. Ó fa bọ́tìnnì fèrèsé sókè títí ó fi pa dé, ó tún dì í mú díẹ̀, kí fèrèsé lè rántí ibi tó ń dúró sí. Ó wá ní tí a bá fẹ́ fi bátìrì ọkọ̀ mìíràn tan án, irin ara ẹ́ńjìnnì ni wáyà dúdú máa lọ, kì í ṣe orí négátíìfù, kí sensor má baà ṣi iná kà. Ìbínú mi rọlẹ̀ níbẹ̀.

Nítorí ọkọ̀ yìí ò burú. Kẹ̀kẹ́ kan já wọ iwájú, ọkọ̀ fúnra rẹ̀ ti di bíréèkì mú kí ẹsẹ̀ mi tó débẹ̀. (Ó tún ti dì í mú lẹ́ẹ̀kan fún nǹkan tí kò sí.) Ọkọ̀ àtijọ́ ò ní ESC (ètò tó ń mú ọkọ̀ dúró lójú ọ̀nà tí táyà bá fẹ́ yọ̀), tó bá yọ̀ lójú omi, ọwọ́ awakọ̀ nìkan ló kù.

Àmọ́ ariwo tó máa ń ké tí eré bá ti ju ti òfin lọ yẹn! Kámẹ́rà á ka 40 lára àmì ojú ọ̀nà tó yà kúrò, nígbà tí a wà lórí ọ̀nà 100, yóò bẹ̀rẹ̀ sí í ké. Ẹ pa á, yóò tún jí nígbà tí ẹ bá tan ọkọ̀. Òfin Yúróòpù ló fi í síbẹ̀ fún gbogbo ọkọ̀ tuntun láti oṣù keje 2024. Hándíbíréèkì oníná náà ń kọ́? Tí mẹkáníìkì ò bá kọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́ sí ipò àtúnṣe kó tó pààrọ̀ páàdì, tó bá fi agbára ti písítìnnì padà, jíà mọ́tò inú rẹ̀ lè fọ́.

Tí wọ́n bá ní kí n ta ọ̀kan nínú méjèèjì, tuntun ni mo máa tà. Síbẹ̀, ìràwọ̀ mẹ́rin nínú márùn-ún ni mo fún un. Ọ̀kan nínú rẹ̀, ti obìnrin yẹn ni.