Mo Yẹ Ohun Èlò Inú Bàlúù Lindbergh Wò Bí Ẹni Tó Fẹ́ Rajà

Bí ẹnikẹ́ni bá ní kí n yẹ Spirit of St. Louis wò, bàlúù tí Charles Lindbergh dá nìkan wà láti New York dé Paris ní ọjọ́ 20 sí 21 oṣù Karùn-ún ọdún 1927, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ni n óò kọ́kọ́ yìn. Wright Whirlwind J-5C ni, onísílíńdà mẹ́sàn-án tí atẹ́gùn ń mú tutù, nítorí náà kò sí páìpù omi tí yóò bẹ́ lórí agbami. Odindi wákàtí 33 àti ààbọ̀ ló fi ṣiṣẹ́ láìdákẹ́.

Táńkì epo ni mo bá jà. Wọ́n gbé èyí tó tóbi jù síwájú awakọ̀, kí ó má baà há sí àárín táńkì àti ẹ́ńjìnnì bí bàlúù bá já lulẹ̀. Ọgbọ́n ni lóòótọ́, àmọ́ ó dí i lójú: kò sí fèrèsé iwájú rárá, àfi kí ó yọjú lẹ́gbẹ̀ẹ́ tàbí kí ó wo inú awò onídígí kan, irú èyí tí wọ́n ń lò nínú ọkọ̀ abẹ́ omi. Èmi kò ní gbà á.

Kọ́ńpáàsì méjì, ìyẹn ohun èlò atọ́ka ọ̀nà, ló wà níbẹ̀. Èyí tó jẹ́ tuntun nígbà náà, tí atẹ́gùn ń yí ẹ̀rọ rẹ̀ lẹ́yìn bàlúù, abẹ́rẹ́ rẹ̀ máa ń dúró sórí òdo níwọ̀n ìgbà tí awakọ̀ kò bá yà kúrò lọ́nà. Èkejì, tó jẹ́ olómi, òkè orí ni wọ́n gbé e sí, débi pé inú dígí ìkunra kékeré tí obìnrin kan fi ta á lọ́rẹ, tí wọ́n sì fi ṣíngọ́ọ̀mù lẹ̀ mọ́ pátákó, ló ti ń kà á. (Ṣíngọ́ọ̀mù ọ̀hún kò já a kulẹ̀!) Lóru ọjọ́ náà, kọ́ńpáàsì méjèèjì ṣe ségesège, síbẹ̀, nígbà tó rí Ireland, nǹkan bíi máìlì 3 péré ló fi yẹ̀ kúrò lójú ọ̀nà tó ti là sílẹ̀.

Kò gbé rédíò, nítorí pé rédíò ayé ìgbà náà wúwo, kò sì ṣeé fọkàn tán. Epo ló fi àyè rẹ̀ gbé, gálọ̀nù 450. Kò sì sí gééjì tí ń sọ iye tó kù nínú táńkì. Aago ló ń wò, bí wákàtí kan bá sì ti pé, ó máa ń fi pẹ́ńsù fa ìlà sórí pátákó iwájú rẹ̀ kó lè mọ epo tó ti lò. Àwọn ìlà náà ṣì wà lára bàlúù ọ̀hún ní musíọ̀mù Smithsonian ní Washington. Ìṣirò pẹ́ńsù yìí ni mo fi ṣe ìkejì ẹ́ńjìnnì nínú ohun tí mo yìn: nígbà tó balẹ̀ ní Le Bourget, pápákọ̀ òfurufú Paris, nǹkan bíi gálọ̀nù 85 ṣì wà nílẹ̀.