Àgbéyẹ̀wò caDNAno fún ẹni tí ń fi DNA kọ́ ohun tí ń ṣí, tí ó sì ń padé

caDNAno ni ètò orí kọ̀ǹpútà tí àwọn onímọ̀ fi ń ya àwòrán ohun tí wọ́n fẹ́ fi DNA kọ́. Ọ̀fẹ́ ni, ọdún 2009 ni Shawn Douglas àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé e jáde, mo sì ti lò ó pẹ́ tó láti mọ ibi tí agbára rẹ̀ dé. Iṣẹ́ tèmi kì í ṣe ti ohun tí yóò dúró gbọn-in lójú kan. Àwọn ohun tín-tìn-tín tí ń yí ipò padà nígbà tí nǹkan bá kàn wọ́n láti ìta ni mò ń kọ́, ìbáà ṣe pé ásíìdì inú omi pọ̀ sí i, pé ìmọ́lẹ̀ tàn sí wọn, tàbí pé okùn DNA mìíràn wọlé.

Ọgbọ́n tí a ń tẹ̀lé ni èyí tí Paul Rothemund gbé jáde ní ọdún 2006: a ó mú okùn DNA gígùn kan, tí ó sábà máa ń jẹ́ ti fáírọ́ọ̀sì M13 tí ó ní lẹ́tà 7,249 (A, T, C àti G ni lẹ́tà DNA), a ó sì fi okùn kúkúrú tí ó lé ní 200 ká a mọ́ra, bí aránṣọ ṣe ń fi òwú mú ìṣẹ́po aṣọ. Níbí yìí, n kò tíì rí ẹgbẹ́ caDNAno. Ó máa ń fi ibi tí okùn kan ti lè rékọjá sí èkejì hàn, bí mo bá sì ti fi lẹ́tà M13 sí i, gbogbo okùn kúkúrú yóò gba lẹ́tà tiwọn lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, n ó wá gbé wọn jáde sínú àtẹ tí mo lè fi ránṣẹ́ sí àwọn tí ń ṣe DNA tà. Nínú ọ̀nà méjì tí ó fi ń to àwọn okùn ti ara wọn, ìtò afárá oyin ni mo fẹ́ràn jù, nítorí pé ìtò onígun mẹ́rin ka lẹ́tà 10.67 sí ìyípo kan tí DNA bá lọ́, nígbà tí DNA fúnra rẹ̀ ń lọ́ ní nǹkan bí 10.5, bí a kò bá yọ lẹ́tà díẹ̀ kúrò, ohun tí a kọ́ yóò wọ́.

Ìṣòro bẹ̀rẹ̀ níbi ìdè, ìyẹn ohun tí ń mú ẹnu pa pọ̀ tàbí tí ń tú u sílẹ̀. Mo ya apá méjì tí ó so pọ̀ ní ìdí, mo sì fẹ́ kí ẹnu wọn padé nínú ásíìdì, kí ó sì ṣí bí pH bá gòkè, ìyẹn bí ásíìdì bá dín kù. Okùn mẹ́ta tí ó lọ́ mọ́ra ni ó ń ṣe irú iṣẹ́ yìí: lẹ́tà C inú okùn kẹta nílò ásíìdì kí ó tó lè dì mú, ṣùgbọ́n T-A-T, níbi tí T inú okùn kẹta ti di A àti T mú, kò nílò rẹ̀, nítorí náà bí T-A-T bá ṣe pọ̀ tó nínú ìdè náà ni pH tí yóò ti ṣí yóò ṣe ga tó. caDNAno kò ní ibi kankan tí a ti lè sọ fún un pé okùn mẹ́ta ni ó wà níbẹ̀. Ọwọ́ ni mo fi ń kọ lẹ́tà ìdè náà sínú àtẹ lẹ́yìn tí mo bá ti gbé e jáde, bí mo bá sì yí gígùn apá kan padà, mo ní láti gbé àtẹ tuntun jáde kí n sì tún un kọ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ó ń tánni ní sùúrù, ibẹ̀ sì ni àṣìṣe ti rọrùn jù lọ láti wọlé.

Bákan náà ni ti azobenzene, kẹ́míkà tí a ń so mọ́ okùn DNA, tí ìmọ́lẹ̀ 365 nánómítà ń tẹ̀ tí okùn méjì fi ń tú, tí ìmọ́lẹ̀ aláwọ̀ búlúù sì ń dá padà: kò sí àmì tí a lè fi sí ibi tí ó jókòó sí lára okùn.

Mo máa ń gbé àwòrán náà lọ sínú oxDNA, ètò kan tí ń fi kọ̀ǹpútà ṣe àfarawé ìṣípòpadà DNA, láti wo bí apá méjèèjì ṣe ń mì, ó sì wúlò gan-an, nítorí ó fi hàn mí pé ẹnu tí mo yà ní tóóró ń là gbàgà bí kò bá sí ìdè. Ṣùgbọ́n oxDNA náà kò mọ okùn mẹ́ta, kò sì mọ pH. Àwọ̀ Cy3 àti Cy5 tí mo fi sí ẹnu apá méjèèjì nínú láàbù, tí ìmọ́lẹ̀ wọn ń yí padà bí wọ́n bá sún mọ́ ara wọn, ni ó ń sọ bóyá ìdè náà ṣiṣẹ́.

Bí ó bá jẹ́ ìrísí nìkan ni ẹ ń wá, ẹ lo caDNAno láìfòyà. Ẹni tí ohun tirẹ̀ yóò máa ṣí tí yóò sì máa padé, kí ó ya ohun náà nínú caDNAno, kí ó wá ṣí fáìlì náà nínú scadnano, ètò mìíràn tí ó jọ ọ́ tí ó jáde ní ọdún 2020, nítorí pé ìyẹn gbà kí a fi àmì àwọ̀ tàbí azobenzene sí ara okùn gan-an kí a tó ránṣẹ́ sí àwọn tí yóò ṣe é.