Réèlì ayùn tí mo fi gé pláíwúùdù: ó ń gé tààrà, àmọ́ kò bá yín wọn nǹkan o

Àpótí sípíkà mẹ́fà ni mo fẹ́ kàn, gbogbo ẹ̀ ọgbọọgba, ìyẹn ló jẹ́ kí n ra réèlì tí wọ́n máa ń gbé ayùn oníná gùn yìí. Tẹ́lẹ̀, pákó títọ́ kan ni mo máa ń fi kílámpù dè mọ́ pláíwúùdù, màá wọn ọ̀tún, màá wọn òsì, síbẹ̀ pátákó méjì tó yẹ kó jẹ́ ìbejì á jáde bí ẹ̀gbọ́n àtàbúrò.

Ká sòótọ́, ojú ibi tó gé mọ́. Rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà létí réèlì náà, ìgbà àkọ́kọ́ tẹ́ ẹ bá lò ó ni ayùn máa gé e bá ibi tí eyín ẹ̀ ń gbà, látìgbà yẹn etí rọ́bà lẹ máa gbé lé àmì, ó parí. Òun náà ló ń tẹ igi mọ́lẹ̀ tójú ẹ̀ kì í fi í bó, àmọ́ èyí tó wà lábẹ́ réèlì nìkan ló ń ṣọ́ o, torí náà ẹ jẹ́ kí pátákó tẹ́ ẹ fẹ́ lò wà níbẹ̀. Bíléèdì eyín 24 tí mo ń lò tẹ́lẹ̀ ń fa igi ya, mo fi eyín 48 sí i kára tó tù mí.

Ibi tó ti dùn mí rèé: réèlì méjì ni wọ́n ń so kó tó gùn tó pláíwúùdù 2440 mìlímítà, irin tí wọ́n fi ń so ó ò sì mú un tọ́ rárá. Mo gé tán, mo gbé etí méjèèjì kora, ìmọ́lẹ̀ ń yọ láàárín! Ní báyìí mo máa ń gbé irin títọ́ tì í kí n tó dè é.

Ẹ má sì máa fi téépù wọn ọ̀kọ̀ọ̀kan jàre. Igi méjì tó gùn bákan náà ni mo gé, àwọn ni mo ń fi sáàárín etí pátákó àti réèlì, ẹ̀gbẹ́ méjèèjìlá ni mo gé tán kí n tó fọwọ́ kan nǹkan míì. Bó bá fi ìdajì mìlímítà ṣìnà, kò kàn mí, ṣáà ti jẹ́ kí gbogbo wọn jọ ṣìnà. Àfi nínípọn igi ṣá: èyí tí wọ́n pè ní mìlímítà 18 tí mo rà, 17.6 ni nígbà tí mo wọ̀n ọ́n, mo sì ti yọ 36 (18 méjì) lára gíga 300 fún òkè àti ìsàlẹ̀ kí n tó gé ẹ̀gbẹ́, ni pátákó iwájú tó jẹ́ 300 bá yọ etí 0.8 síta. Bébà ni mo fi ha á títí ilẹ̀ fi ṣú.

7 nínú 10. Ká ní irin ìsopọ̀ yẹn tọ́ ni, 9 ni mi ò bá fún un.